Ẹ̀gẹ́ Tí A Fi Wọn Ẹ̀yìn Bàbá Mi

Ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́ ni ẹ̀gẹ́ ń dún lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, èmi ni mo sì ń rin ín. Níwájú mi, bàbá mi dojú bolẹ̀ lórí àga gbọọrọ. Itan dé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àga, àyà àti orí rẹ̀ wà lófuurufú, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Ìyá àgbà, ìyá tó bí i, jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Òórùn omi ẹ̀gẹ́ gba gbogbo àgbàlá.

Òmìnira ti dé nígbà yẹn, Daomẹ̀ ni ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́. Ní Massè tí à ń gbé, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn máa ń wá. Kì í kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Á ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí àga yẹn, kí wọ́n gbé àyà sókè, kí ẹnì kan sì máa rin ẹ̀gẹ́ kan. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ le á wà lókè títí ẹ̀gẹ́ á fi tán, á tún máa tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀gẹ́ ti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í dé ìdajì tí iṣan rẹ̀ á ti máa gbọ̀n, tí á sì wó. Mo ti rí àwọn géńdé tó wó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, epo ìfira ni á kàn lọ gbé kaná.

Lọ́jọ́ kejì ni bàbá mi máa lọ san àáró ní Oko-Akarè. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń roko fún ara wọn, wọ́n ti ro tiwa, ó ku kí òun náà lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ìyá àgbà ní tó bá wó kí ẹ̀gẹ́ tó tán, kò ní lọ. Mi ò fẹ́ kí ojú ti bàbá mi, ni mo bá ń sáré rin ẹ̀gẹ́ náà títí mo fi bó ìka mi, mi ò sì ké.

Ẹ̀gẹ́ tán. Bàbá mi ṣì wà lókè, òógùn bò ó. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i?"

Ìyá àgbà wo inú abọ́. Ohun tí mo rin rí wúruwùru, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ó fa ọwọ́ mi, ó fi ewé dì í.

"Ọwọ́ ọmọ rẹ yá," ló sọ fún bàbá mi, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi kó tó rin ín dé ìdajì."

Bàbá mi rọra sọ̀kalẹ̀. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun á sọ pé òun jẹ àáró, òun ò san án, omi sì lé ròrò sí i lójú.  Ìyá àgbà so ìró rẹ̀ le, òun náà dojú bolẹ̀ lórí àga, ó ní kí bàbá mi jókòó lé òun lẹ́sẹ̀, kí èmi sì mú ẹ̀gẹ́ tó gùn jù.

"Rin ín wẹ́wẹ́ o," ló sọ fún mi.

Mo rin ín wẹ́wẹ́. Ó tán, ìyá àgbà ṣì wà lókè, ó ń kọrin. Ó ní kí n mú òmíràn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn ara rẹ̀ mú.

Ìyá àgbà ló lọ san àáró náà, nítorí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè lọ dípò ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Wọ́n ní ó ṣáájú àwọn ọkùnrin dé òpin oko. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìka mi.

Àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìka mi títí di òní. Ọmọ tèmi náà ti di bàbá báyìí, á pè mí láti Kútọnu, á ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Èmi kì í bá a jiyàn. Mo kàn máa ń ní kó wá sílé, kí n gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.