Ojúde Wa, Tiwa Ni

Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, tí ẹni tó ní mọ́tò pàápàá gbé e pamọ́ sínú ọgbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, ni ọ̀rọ̀ rélùwéè kékeré dé àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń ní kí n sọ bí a ṣe borí ìjọba nígbà náà. Òótọ́ ni, a borí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, èmi ni mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí a gbé kiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Títì wà fún ọkọ̀ nígbà náà, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn gọ́tà ni ojúde ilé kọ̀ọ̀kan wà. Ojúde kan so mọ́ èkejì láìsí ògiri. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Èèyàn á máa kí onílé, á yẹ ata tí wọ́n sá sílẹ̀, á sì sá oòrùn lábẹ́ òrùlé wọn. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè.

Àlàájà, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi, kì í rìn jìnnà nítorí orúnkún. Bó bá ń lọ sí mọ́sáláṣí tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò, á jókòó díẹ̀ sórí pèpéle mi, á dìde, á tún jókòó sórí ti Bàbá Tíṣà, bẹ́ẹ̀ títí á fi débẹ̀. Ó máa ń sọ pé pèpéle àdúgbò wa ni tẹ̀sùbáà òun, òun ń kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ bá Ọlọ́run.

Àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n ní ibùdó rélùwéè yóò wà nítòsí mọ́sáláṣí, pé àwọn yóò sì sọ ojúde wa di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tòun ti igi ìbòòji. A kò gbà wọ́n gbọ́. A ti rí àdúgbò tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri rẹ̀, katapílà ló tẹ̀lé e. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Bàbá Tíṣà, alága wa, ló kìlọ̀ nípàdé: “Bí a bá jẹ́wọ́ pé gbogbo ayé ló ń gba ojúde wa, wọn óò ní ọ̀nà ìjọba ni. Bí wọ́n bá gba ojúde tán, yàrá ló kàn.”

Mo bá kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: OJÚDE WA, TIWA NI. A gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tí ìjọba pè wá sí, pẹ̀lú orin. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti sọ fún wa pé ọmọ Odògbólú lòun.

Ó ní, “Ẹ̀yin òbí mi, ta ló ń gba ojúde yín kọjá?”

“Onílé ni!”

“Ẹlòmíì ò gbà á rárá?”

Bàbá Tíṣà dìde. “Ọmọ mi, ìyẹ̀wù ìyá rẹ l’Ódògbólú, ṣé ọ̀nà ni?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. “Ìyẹ̀wù kọ́, sà. Ojúde wọn lọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ síléèwé.”

Àlàájà nawọ́ sókè. “Èmi náà ń gba ojúde àwọn aládùúgbò mi. Lójoojúmọ́ ni.”

Mo fa ìborùn rẹ̀. “Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ó bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.”

“Òótọ́ ni mo ń sọ, ìyá Dáre.”

Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo dìde, mo sì kígbe pé: “Àlejò wa ni Àlàájà. Àyè la fún un.”

Ó wò mí. “Àlejò?” Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Ó jókòó.

Ìjọba gbà fún wa. Ojúde di ti onílé, a jó wálé. Wọ́n da ọ̀dà sí títì dé etí gọ́tà, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ mọ odi. Ó ní, “Tiwa la pè é. Ta ní í fi tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu?” Ẹlòmíì kọ́ ṣọ́ọ̀bù de àwọn tí yóò máa wọ rélùwéè. Èmi náà mọ odi, mo fi géètì sí i. Pèpéle mi wà nínú rẹ̀.

Òpó ibùdó ti dúró báyìí, ṣùgbọ́n títì ni ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ lọ síbẹ̀ yóò ti bá ọkọ̀ dù. Àwọn ọmọ iléèwé ń tò lọ létí gọ́tà bí èèrà. Àlàájà dán an wò. Ọlọ́kadà kan fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ṣubú sínú gọ́tà. Láti ìgbà náà, yàrá ló ti ń kírun.

Mo lọ kí i. “Àlàájà, ẹ kú ìjókòó.”

“Kí ni n óò ṣe? Àlejò kì í wọlé onílé láìkànkùn.”

Mo padà sílé, mo ṣí géètì mi, mo wọlé.

Ohun tí a jèrè kò kéré: ilé kan kò wó. Bí katapílà bá dé lọ́la, n óò tún jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, a pè é ní ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́ orúkọ tí a pè é.

Láìpẹ́ yìí ni mo wó odi mi. Mo lọ bẹ Bàbá Tíṣà pé kó wó tirẹ̀. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ lo kọ ọ́. Àwa kàn kà á ni.” Síbẹ̀, mo ń lọ láti ilé dé ilé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ nínú yín, kó wá.

Àlàájà gbọ́ ìró òòlù, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. Ó jókòó sórí pèpéle mi, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan odi Bàbá Tíṣà. Wọ́n ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí.

“Ẹyọ kan nìyí,” ló wí. “Mo ti kà á.”