Péálì Ìyá Mi àti Obìnrin tó Ní Kí N Ní Sùúrù

Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti rò ó ní Ọjà Igbó bí kò ṣe ṣẹlẹ̀.

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi ló gbó tó sì já. Ìlẹ̀kẹ̀ péálì ni, olókùn méjì, funfun bí eyín ọmọdé. Bàbá mi ló rà á fún un ní Mẹ́kà lọ́dún tí àwọn méjèèjì jọ lọ, bàbá mi sì ti dolóògbé. Yìgì ọmọ mi obìnrin ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá mi pè mí láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí mò ń gbé, ó ní, "Mi ò ní fi ọrùn òfo lọ síbi yìgì o. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bàbá rẹ ò bá sí lọ́rùn mi, ẹ sọ fún àwọn àna pé ara ìyá àgbà ò yá." Ìyá mi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó sì yí i padà.

Mo di péálì náà sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ bá ìyá kan tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́bàá oríta Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tẹ̀sùbáà ló kún iwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí atẹ́gùn ń mì wọ́n. Mo ní, "Màmá, ti Alhaja mi ni o. Mẹ́kà ni wọ́n ti rà á." Ó mú ẹyọ kan, ó fi ha eyín iwájú. "Ojúlówó ni. Ó ń ha eyín." Télọ̀ tó wà nísọ̀ kejì náà mú ẹyọ tiẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní nìyẹn: itọ́ ẹni méjì tí n kò mọ̀ rí, lára ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi.

Kí wọ́n lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni mo fi jókòó, tí mo là wọ́n lọ́yẹ̀. Ìmọ̀ ẹranko ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mo ní ẹran kan ń bẹ nínú omi, nínú ìkarahun. Èèyàn á rọra ya ìkarahun náà díẹ̀, á fi nǹkan kín-ń-kín sí i lára, á sì dá a padà sómi. Ẹran náà á wá máa fi omi ara rẹ̀ bo nǹkan yẹn, ìpele lórí ìpele, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí á fi di péálì.

"Títí di ìgbà wo?" Télọ̀ ló bèèrè.

"Èyí tó bá yá gan-an lè gbà tó ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ń gba ọdún méjì, mẹ́ta. Òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹran yẹn ì bá jẹ́ télọ̀, àwọn oníbàárà ì bá ti fi se ọbẹ̀."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀.

Mo dé ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní okùn tó wà nílẹ̀ ti nípọn jù, kí n wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, ìsọ̀ wà ní títì. Wọ́n ní ó lọ kí abiyamọ kan ní Iresa. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo fárígá. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ lo jókòó sórí àga yìí, tó o ní ẹran fi ọdún mẹ́ta ṣe é. Ẹran tí ò lọ́kọ, tí kì í lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí wọn kì í mú iná ẹ̀ lọ! Èmi ọmọ èèyàn, o ò lè fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ọ̀rọ̀ ìyá bófin mu, Àǹtí," ni télọ̀ wí.

Mo pariwo, "Màmá, ẹran yẹn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá ní Ọjọ́bọ̀!"

Gbogbo ìsọ̀ ló rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀ kẹrin ló tó fà á lé mi lọ́wọ́, nínú bébà, pẹ̀lú ìyókù nínú ọ̀rá kékeré. Yìgì ku ọ̀túnla. Mọ́tò Ọ̀yọ́ ti ń kún, n kò sì tú u wò. Iwájú ìyá mi ni mo ti tú u.

Tẹ̀sùbáà ni. Tẹ̀sùbáà gidi, àwọn ẹyọ tó pààlà wà láyè wọn, okùn tó rọ̀ jọwọlọ sì wà nídìí rẹ̀.

Mo pe ìyá náà lórí fóònù. "Há! O ní ti Alhaja ni. O ní Mẹ́kà ló ti wá. Kí ni kí n tún fi ṣe? Ọmọ mi, o sọ bí wọ́n ṣe bí i, o sọ bó ṣe dàgbà. O ò dárúkọ ọrùn."

"Ìkọ́ ẹ̀yìn ọrùn wà nínú ọ̀rá náà! Ta ló ń fi ìkọ́ sí tẹ̀sùbáà?"

"Mo rò pé ti yẹtí ẹ ló já bọ́ sínú ẹ̀. Mo tọ́jú ẹ̀ fún ẹ."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ gan-an ni ìyá mi gbé ọwọ́ sókè. "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, má dà mí rú. Mo ti ń kà." Ètè rẹ̀ ń mì, péálì ń kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ìgbà tó parí ló tó wò mí. "Nígbà tó wà lọ́rùn mi, àwọn ẹlòmíì ló ń rí i. Ní báyìí, ẹyọ kan, àdúà kan fún ẹni tó rà á."

"Màmá, ọrùn òfo ńkọ́?"

Ó gba orí gèlè kọ́ ọ sọ́rùn. "Ẹni tó bá ní ọrùn mi ṣófo, kó bọ́ síwájú."

Bó ṣe wọ̀ ọ́ dé ibi yìgì nìyẹn. Nígbà tí wáàsí gùn, ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó ń kà á lọ. Àwọn ìyá ọkọ ń fọwọ́ tọ́ ara wọn: níbo ni wọ́n ti ń sín irú èyí? Ìyá mi júwe Ọjà Igbó fún wọn, ó sì di iṣu fún mi pé kí n lọ fi dúpẹ́.

Èmi tí mo ní ẹjọ́ ni mo ru iṣu lọ fún ọ̀daràn. Mo gbé péálì tó kù síwájú rẹ̀, mo ní kó fi sín ìlẹ̀kẹ̀ kékeré fún èmi náà. Ọrùn, ni mo wí. Mo fi ìka kan ọrùn mi, mo ní kí télọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó ní ó ti yé òun dáadáa. Kí n wá ní Ọjọ́bọ̀.