Ìgbà tí Bàbá Mi Bá Gbé Ọwọ́ Sókè

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń jí mi nígbà èwe mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni màmá mi ti máa ń koná sí ààrò lẹ́yìn ilé wa létí ọ̀sà ní Bàrígà. Èéfín á wọlé bá wa lórí ẹní, á wọ inú irun, á wọ aṣọ ilé-ìwé tí a fi kọ́ ara ògiri. Bí mo bá ti dé kíláàsì ní Ṣómólú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú. "Ẹja ti dé o," ni wọ́n máa ń wí. Inú máa ń bí mi gan-an nígbà náà. Lónìí, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ṣe ni mo máa ń dúró díẹ̀.

Ìlàjẹ ni wá. Etíkun Oǹdó ni bàbá mi ti wá tẹ̀dó sí Bàrígà kí wọ́n tó bí mi, iṣẹ́ ẹja pípa ló sì gbé débẹ̀. Ọmọ obìnrin nìkan ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, èmi sì ni àkọ́bí, bí mo ṣe di ẹni tó ń bá a wọ ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé nìyẹn. Bàbá á na àwọ̀n yípo lójú omi, èmi á sì máa fi igi méjì lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ariwo rẹ̀ lè lé ẹja wọ inú àwọ̀n. Ìlù náà kò gbọdọ̀ já. "Ìbídùn, má jẹ́ kó já," ni bàbá mi máa ń fi èdè ilé wa sọ. "Ibi tó bá ti já lẹja ń gbà sá lọ." Bí apá bá ń ro mí, mo máa ń rántí ìkòkò ọbẹ̀, apá náà á tún gbóná sí i. Àwọn apẹja yòókù máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọbìnrin ló ń gbé lọ sódò. Òun á kàn rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n wo apẹ̀rẹ̀ òun, kí wọ́n wo tiwọn.

Igi méjì yẹn ló bà mí jẹ́. Mo lu tábìlì, mo lu garawa, mo lu ẹ̀yìn àwọn àbúrò mi. Bí a bá jáde nílé-ìwé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún gbàdà-gbàdù tí òórùn íǹkì sì gba gbogbo àdúgbò, èmi á máa fi ẹsẹ̀ bá ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ṣómólú láyé ìgbà náà, ẹ mọ ariwo tí mò ń wí. Nígbà tó yá, onílù ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa kó lọ sí Ìkòròdú, kò sì sí ọkùnrin tó lè dípò rẹ̀, ni wọ́n bá ní kí n jókòó sídìí àkúbà, ìlù gíga tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù.

Ibẹ̀ ni Bùrọ̀dá Láńre ti gbọ́ mi, lọ́jọ́ tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá ṣe ìdúpẹ́. Ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú, ó sì ń fọn sasofóònù nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe jáàsì. Láti àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sinmi, ni wọ́n máa ń ṣe ìgbáradì nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó wá bá bàbá mi nílé.

"Ẹ jẹ́ kó wá máa bá wa lù, sà. Ọwọ́ ọmọ yìí dáa."

"Ta ni yóò wá máa bá mi lu ọkọ̀?" ni bàbá mi béèrè.

Màmá mi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé kí n lọ fún ìdánwò lọ́sàn-án, bí a bá ti odò dé. Bí wọ́n bá gbà mí, òun á wá ẹlòmíì sínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá dá mi padà, òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin nínú ilé òun mọ́. Bàbá mi kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ láyé kò ju kí n jókòó láàárín àwọn èèyàn yẹn lọ.

Ìdánwò náà kò lọ dáadáa. "Sísí, ìlù ẹ dùn," ni Bùrọ̀dá Láńre wí, "àmọ́ ó ti pọ̀ jù. Fi sípéèsì sílẹ̀ káwa náà ráyè mí." Mo gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dákẹ́ ni àyà mi á já, pé oúnjẹ ilé wa ti ń sá lọ, ọwọ́ mi á sì ti dí àyè náà kí n tó mọ̀. Ọkùnrin gíga kan tó ń ta gìtá kò tilẹ̀ dúró dìgbà tí mo bá jáde. "Jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíì," ló sọ. Bùrọ̀dá Láńre ní ó di Sátidé tó ń bọ̀, àmọ́ bí kò bá yàtọ̀, kí n má bínú sí àwọn. Mo sunkún láti Ṣómólú dé Bàrígà.

Láàárọ̀ Sátidé náà, bàbá mi ń wo bí mo ṣe ń lù. "Kí ni wọ́n sọ fún ọ lọ́hùn-ún?" ló bi mí. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn bó bá gbọ́. Mo ní wọ́n sọ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Ó kọjú sí mi. "Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè nínú ọkọ̀ yìí, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń dákẹ́, Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ẹja ti wọlé nìyẹn. Bí mo bá tún lù ú, àwọn ẹja àtòkò á fò kọjá lórí àwọ̀n."

"Bí o bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé o ti ṣíwọ́ iṣẹ́?"

Mo ronú sí i. Mi ò ṣíwọ́ rí. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí igi á wà lọ́wọ́ mi digbí.

"Iṣẹ́ nìyẹn náà," ni bàbá mi wí. "Máa fetí sí wọn. Bí o bá gbọ́ pé wọ́n ti wọlé, dá ọwọ́ ìlù dúró." Ó kọjú sí àwọ̀n rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí sasofóònù ṣe wọlé, ó ṣe mí bíi pé mo rí ọwọ́ bàbá mi lókè, ni mo bá dúró. Sasofóònù náà sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Onígìtá yẹn bojú wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà mí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ṣómólú ni mo gbà lọ láàárọ̀, bàbá mi sì mú ọmọ aládùúgbò wa kan lọ sódò.

Àkúbà yẹn gbé mi dé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ó gbé mi dé òkè òkun, mo bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ tó ń po jáàsì mọ́ ìlù ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́. Bí àwọn òyìnbó bá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ, mo máa ń ní Bàrígà ni, wọ́n á sì mi orí bíi pé yunifásítì kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí bàbá mi tó kú, mo bi í bóyá ó mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́ mí ní ìdákẹ́ pé òun ń yọ mí kúrò nínú ọkọ̀ òun. "Mo mọ̀," ló wí. "Mi ò lè jẹun lálẹ́. Ìyá rẹ rò pé ibà ni." Ọkàn mi gbọgbẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Ní báyìí, ọmọ mi obìnrin, Mọ́yọ̀, ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ tèmi. Ẹgbẹ́ kan lókè òkun fẹ́ mú un. Wọ́n gbọ́ ìlù tó gbà sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ní ó kù díẹ̀, kó tún un ṣe kó fi ránṣẹ́ padà. Ó wá bá mi, ó ní, "Mọ́mì, kí ló kù?" Mo mọ ohun tó kù. Mo ní kó jẹ́ kí n tún un gbọ́ ná. Ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀ látìgbà náà, mi ò tíì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé bàbá mi le, pé nínú àwa méjèèjì èmi ni mo lójú àánú. Bàbá mi kò jẹ́ kí ọkọ̀ wa dé èbúté kó tó sọ ohun tó kù nínú ìlù tèmi fún mi.