Owó Oṣù Gbogbo Ilé Búrẹ́dì, Àfi Tèmi

Èmi ni mo ń tẹ sọ̀wédowó owó oṣù ní ilé búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Uselu, nílùú Bìní. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, màá yọ owó orí, màá yọ èyí tí kálukú ti yá ṣáájú, lẹ́yìn náà màá máa ki ewé sọ̀wédowó sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Bí èèyàn kò bá fọwọ́ ti ewé náà díẹ̀ sápá òsì, orúkọ á lọ jókòó síbi tó yẹ kí iye owó wà, báńkì á sì dá a padà. Èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tì í.

Gbogbo ayé ló ti ń fi fóònù sanwó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ò ṣe, pé ẹni tí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí lórí fóònù kì í dúpẹ́. Ohun tó fẹ́ ni pé lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tò, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí òun gbàdúrà lé wọn lórí, kí wọ́n tó gba tiwọn. Àwọn ọmọ Bìní inú wọn, tí kò sí ìdọ̀bálẹ̀ nínú ìkíni tiwọn, ti kọ́ ọ ní túláàsì. Èmi ni mo máa ń gbé àwo sọ̀wédowó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí àwo á fi ṣófo.

Orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n mi ló kó mi wá láti Adó-Èkìtì, ó fún mi ní yàrá nílé rẹ̀ ní Ogida. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́, títí ọpẹ́ fi kan lẹ́nu mi. Ohun tí mo wá ń fẹ́ kò pọ̀: yàrá kan péré ní Aduwawa, tí n óò máa fi kọ́kọ́rọ́ ara mi ṣí. Mo lọ bá a.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà máa gba owó oṣù."

"Ìwọ? Ṣé ọmọ ilé ń gbowó oṣù nílé ara ẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o kì í jẹ búrẹ́dì ni?"

Láti ọjọ́ náà n kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ mọ́.

Obìnrin Bìní kan tó ń po ìyẹ̀fun ló bi mí ní gbangba. Ó gba tirẹ̀, ó yẹ àwo tó ti ṣófo wò.

"Àǹtí, your own ńkọ́?"

Mo ní wọ́n ń san tèmi lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ irọ́ náà, ó ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ló mú ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì. Ó ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́ náà, kí èmi lè sinmi. Mo kọ́ ọ, mo tiẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń ti ewé náà hàn án. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí oṣù parí, èmi ni mo tẹ sọ̀wédowó rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo wo iye tó wà níbẹ̀. Mo bá mú ewé mìíràn, mo tẹ orúkọ ara mi sí i, mo fi iye kan náà sí i, mo ki í bọ abẹ́ àwọn yòókù.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo ohun tó ń fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ó rí tèmi. Ó gbé e sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ yìí ti gbó jù. Ó ti ń tẹ ìtẹ̀kútẹ̀."

Ó ya á sí méjì, ó kó o lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá òun sọ ọ́ nù.

Ó jáde, ó pín tàwọn yòókù tán. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ gba tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá yíjú sí mi, ó ní kí n fi àdúrà parí ẹ̀ fún wọn. Mo dijú, àjákù ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí Ọlọ́run san án fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó má jẹ́ kó pẹ́, kó má sì gbàgbé ẹnì kankan nínú ilé yìí.

Àmín ẹ̀gbọ́n mi ló ròkè jù.