Sàárà Tó Kọjá Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ mi, Cow Lane ni à ń gbé ní Accra níbí. Ìyá àgbà kan wà nínú agboolé wa tó ti ta obì rí. Nígbà tí ìjọba Gánà lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa padà sí Nàìjíríà, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Òun ò lè lọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run forí jì í, kì í fi mọ́ṣáláṣí ṣeré. Ẹni tó bá jókòó sí àyè rẹ̀ ní sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú níbi ìrun, ìjà dé nìyẹn. Gbogbo Jímọ̀ ni ìyá mi ń se wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀, pẹ̀lú ẹran. Èmi ni mo ń rù ú lọ fún sàárà. Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀ fún wa: "Sàárà tí wọn ò bá ṣí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, oúnjẹ lásán ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lọ́nà." Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Kò sẹ́ni tó bi í.

Jímọ̀ kan, ìyá àgbà pè mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bù díẹ̀ fún mi níbẹ̀. Láti àná ni mi ò tíì jẹun." Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, sàárà ni." Mo kọjá. Mo rí i pé ebi ń pa á. Ẹ̀rù bàbá mi ló bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo tún ń gbéraga díẹ̀ pé ohun Ọlọ́run ló wà lórí mi. Nígbà tí mo dé mọ́ṣáláṣí, àwọn tó ń gba sàárà ti yó. Wọ́n ṣa ẹran jẹ, wọ́n da ìyókù fún ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n já ilẹ̀kùn ìyá àgbà. Ó ti kú. Kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá mi ṣe. Ó ra àgbò, ó pe àwọn álífáà, wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n ń kí i pé ó ṣe bí ọmọ fún ìyá. A pa àgbò fún ẹni tí a ò fún ní òkèlè kan! Ìyá mi nìkan ni kò jẹ níbẹ̀, ó ní inú ń run òun. Títí dòní ni inú ń bí mi sí bàbá mi, àti sí ara mi pẹ̀lú.

Ayé ti yí padà. Mọ́ṣáláṣí wa, tó jẹ́ onípáànù nígbà yẹn, ti di alájà mẹ́ta. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, orí fóònù ló ti ń fi owó sàárà ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí. Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń wúkọ́ nílé kejì, tí kò dákẹ́. Mo bi í pé ta ló ń gbébẹ̀.

Ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, Jímọ̀ ti tó."

Èmi ni mo tọ́ ọ.