Ọwọ́ Géèjì Tó Kọ̀ Láti Wálẹ̀

Bàrúwà ọkọ mi kì í bẹ̀rù ohunkóhun. Èmi ni mò ń bá a bẹ̀rù. Iṣẹ́ jíjó irin ló ń ṣe ní Ìlaròó, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìdógò, táńkì epo ọkọ̀ ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Táńkì tó ń jò, táńkì tó ti dípẹtà, táńkì tí wọ́n ti lẹ irin mọ́ kó lè gba epo tí wọ́n máa gbé kọjá bodè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà wá. Kì í béèrè ibi tí táńkì ti ń bọ̀. Ó ní irin kì í rojọ́.

Ẹ̀rù tèmi kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ. Málọmọ́, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, táńkì ló pa á. Ó fọ táńkì ọ̀hún, ó gbà pé ó ti mọ́, ó bá fi iná kàn án. Ìyàwó titun ni mí nígbà náà, mò ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn ni mo gbọ́ ìró náà. Wọ́n ti fi orúkọ bẹ Málọmọ́ láti kékeré pé kó má lọ mọ́, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ náà ò ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Òórùn tí mo gbọ́ kò tíì kúrò nímú mi. Epo tí ojú ń rí kọ́ ló ń pa wọ́n, oru epo tó lúgọ sínú irin ni.

Látìgbà náà, èmi ni mò ń rọ omi sí táńkì kí Bàrúwà tó ṣáná. Màá po ọṣẹ mọ́ ọn, màá dà á nù, màá tún un rọ títí yóò fi kún dẹ́nu. Níbi tí omi bá kún, oru epo ò ríbi sá sí. Bàrúwà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo mọ táńkì í fọ̀ ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, opó ni kì í rẹ́rìn-ín.

Àfi bí Ọdẹkúnlé, tíṣà kan ní Ìdógò, ṣe wọ́ mọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá. Mọ́tò eré sísá ni, èyí tí kò lórùlé, tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, táwọn òyìnbó ti ṣe kí wọ́n tó bí wa. Ìdí táńkì rẹ̀ ń jò. Géèjì epo rẹ̀ náà tún ní wàhálà tiẹ̀: epo wà níbẹ̀ o, epo ò sí o, ìdajì lọwọ́ rẹ̀ ń nà sí. Tíṣà ti ra fúlọ́ọ̀tì titun, ìyẹn ohun tó máa ń léfòó lórí epo nínú táńkì, tó ń tipa wáyà sọ fún géèjì bí epo ṣe kù sí.

“Mọ́tò yìí ò ṣe é fẹnu kan sọ,” Bàrúwà wí. “Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀gbẹ́ táńkì ni wọ́n ń ki fúlọ́ọ̀tì bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sórí. Ti ọdún kan kì í bá géèjì ọdún mìíràn ṣọ̀rẹ́. Òmíì wà tó jẹ́ pé tó bá ṣófo, kíkún ló ń kà.”

“Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo rà, orí ni wọ́n ń kì í bọ̀.”

Bàrúwà wo orí táńkì, ó rí ògbólógbòó fúlọ́ọ̀tì níbẹ̀, ó ní ó bára mu. Wọ́n tú táńkì sílẹ̀, wọ́n gbé e ka orí táyà lẹ́yìn mọ́tò. Wáyà méjì ṣì so mọ́ ọn nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà kùn ún dúdú. Bàrúwà ní kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, wọn ò dí òun lọ́wọ́.

Mo rọ omi sí i. Kíá ló kún. Mo wo bí táńkì náà ṣe tóbi, mo wo omi tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

“Bàbá Toheebat, omi tí èyí mu kéré.”

“Táńkì àtijọ́ ni. Irin rẹ̀ nípọn.”

Bàrúwà yọ ògbólógbòó fúlọ́ọ̀tì náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí n wọnú mọ́tò kí n yí kọ́kọ́rọ́, kí òun lè mọ ohun tí géèjì ń kà tí kò bá sí fúlọ́ọ̀tì. Mo yí i. Ọwọ́ géèjì gbéra, ó dúró.

“Ìdajì ni.”

“Mo ti mọ̀. Ara àwọn tó ń ka òdì ni. Pa á.”

Mi ò pa á. Ó da omi nù, ó fa táńkì dìde, ó sì dojú rẹ̀ dé kí ibi tó ń jò lè wà lókè. Bó ṣe ń yí i, mo rí ọwọ́ géèjì tó wálẹ̀, tó tún lọ sókè, tó ń mì. Fúlọ́ọ̀tì wà lórí tábìlì níwájú mi, gbígbẹ. Kí ló wá ń mì ín? Mo gbọ́ tí gáàsì ń hó. Mo gbọ́ tó ṣáná. Mo bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ hóònù mọ́lẹ̀.

Bàrúwà yíjú padà, iná ń jó lẹ́nu ọ̀pá tó mú dání.

“Mẹ̀dínátù, ó ti tó o.” Tí inú bá bí i nìkan ló ń pe orúkọ mi.

“Mo bẹ̀ yín, ẹ pa iná. Ẹ pa á ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mi táńkì.”

Ó pa á nítorí pé mò ń sunkún. Ó fi ẹsẹ̀ mi táńkì. “Ó lọ sókè,” mo wí. “Ó wálẹ̀. Ó tún lọ sókè.” Tíṣà sáré wá bojú wo géèjì fúnra rẹ̀. Bàrúwà kúnlẹ̀, ó fi etí lé irin. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó kọ́kọ́ yí ìgò gáàsì lọ sí òpin ọgbà.

Nígbà tí wọ́n ha ọ̀dà náà kúrò, a rí i kedere. Ẹnì kan ti fi irin dá táńkì náà sí yàrá méjì. Fúlọ́ọ̀tì tòótọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú yàrá tó fara pamọ́, òun ni wáyà so mọ́. Ti orí táńkì yẹn, ẹ̀tàn ni, fún aṣọ́bodè tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Géèjì ò parọ́ rí. Bàrúwà tú ìdérí kékeré kan, epo àtayébáyé bá ń ṣàn jáde, ó ń rùn kíkan. Ẹ̀kán omi mi kan ò dé ibẹ̀.

“Alàgbà ìjọ ni bàbá mi,” Tíṣà wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n máa ń ní oko Ìlobì làwọn ń lọ.”

Alàgbà o, onífàyàwọ́ o, kò kàn mí. Mi ò bá òkú jà, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí òkú yìí mú ọkọ mi dání.

Bàrúwà jókòó lórí táyà. Omi tí mo fún un, ó gbé e sílẹ̀ láì mu ún. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó mú ìṣáná jáde, ó nà án sí mi.

“Ìyá Toheebat, kó máa wà lọ́wọ́ rẹ.”

Ọwọ́ mi náà ló wà títí dòní, mo máa ń so ó mọ́ etí ìró mi. Táńkì kan ò gbọdọ̀ rí iná láìjẹ́ pé ó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti rò pé ọjọ́ tí ẹ̀rù bá ba Bàrúwà, tèmi á fúyẹ́. Irọ́ ni. Tó bá na ọwọ́ wá báyìí, ojú mi ni kì í lè wò, ẹ̀rù rẹ̀ á sì tún gorí tèmi.