Àpótí Alákìísà Pupa

"Ó kù díẹ̀." Ohun tí òyìnbó ayálégbé wa ní Bódìjà máa ń sọ nìyẹn, tí wọ́n bá tẹjú mọ́ fóònù. Eré ìlú wọn ni: èèyàn á fi àpótí pamọ́, ẹlòmíì á fi fóònù wá a, á kọ orúkọ sínú ìwé inú rẹ̀. Wọ́n gbé tiwọn sábẹ́ igi máńgòrò ní Agbówó, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn kó lè hàn. Odindi oṣù mẹ́fà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. "Háà! Ààlè lẹ fi síbẹ̀ yẹn. Ta ló fẹ́ kú?"

Ojú tì wọ́n. Wọ́n lọ tú àkísà náà.

Ìgbà tí wọ́n padà sílùú wọn ni mo lọ ṣí àpótí náà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé rẹ̀, ti ìyá mi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Mo ti rí i o."